Kullu, Àfonífojì Tí Àwọn Òrìṣà Ti Ń Rìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ sí Kullu, yìnyín ni wọ́n ń bá lọ. Wọn á wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ ní Delhi, wọn á rin ìrìn tó lé ní 500 kìlómítà, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn ní Manali. Wọn á háyà bàtà gígùn àti kóòtù tó nípọn lẹ́bàá títì, wọn á gun òkè lọ, wọn á ya fọ́tò, ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, wọ́n ti kọrí sílé. Wọ́n rí yìnyín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò síbi tí ènìyàn gbà gun orí òkè Himaláyà tí kò ní rí yìnyín. Ohun tí Kullu ní tí ó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, nísàlẹ̀ ló wà, láàárín àwọn abúlé.

Ẹkùn Kullu wà ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, ní àríwá Íńdíà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2011, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 437,000. Odò Beas ló la àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ̀bá Rohtang ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Manali, ó gba ìlú Kullu, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí tó fi dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Punjab. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, létí odò yìí kan náà, ni àwọn ọmọ ogun Alexander ti fárígá ní ọdún 326 ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n ní àwọn ò lọ síwájú mọ́. Lókè lọ́hùn-ún, abúlé ló tò sí ẹ̀gbẹ́ òkè lọ́tùn-ún lósì, abúlé kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òrìṣà tirẹ̀. Òrìṣà yìí ní alámòójútó tí wọ́n ń pè ní kardar, ó ní àwòrò, ó ní onílù, ó sì ní ẹlẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní gur, ẹni tó máa ń sọ ohun tí òrìṣà wí nígbà tó bá gùn ún. Òrìṣà náà kì í jókòó sójú kan. Ó ń lọ kí ọ̀rẹ́, ó ń lọ sí òde, ó ń bínú, ó sì máa ń kọ ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àlejò tó bá mọ èyí kó tó dé ibẹ̀ á tètè yé e pé ọ̀pọ̀ nínú ibi tí wọ́n ní kó lọ wò, ilé onílẹ̀ ni. Onílẹ̀ náà sì wà nílé.

Bí òrìṣà ṣe ń rìn tó ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Wọn á fi igi kan àga kan, wọn á ki ọ̀pá gígùn méjì bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, wọn á fi aṣọ aláwọ̀ títàn wé e, wọn á sì to ojú òrìṣà sí i lára. Ojú wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní mohra, idẹ, fàdákà tàbí wúrà ni wọ́n fi rọ wọ́n: iwájú orí, imú, ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló pé, tí wọ́n á wá fi òdòdó bò ó títí tí ojú nìkan á fi máa yọ láàárín òdòdó. Àwọn ọkùnrin á gbé ọ̀pá náà lé èjìká. Kàkàkí gígùn á ṣáájú, fèrè ńlá tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n ń pè ní narsingha á tẹ̀lé e, ìlù á sì máa dún lẹ́yìn. Bí òrìṣà méjì bá pàdé lọ́nà, àga méjèèjì á tẹ̀ síra wọn, wọ́n ń kíra wọn nìyẹn. Àga náà lè ṣàdédé yà kúrò lọ́nà, ó lè fẹ̀yìn rìn, ó lè máa mì jìgìjìgì. Bí o bá bi àwọn tó gbé e, wọn á ní àwọn kọ́ ló ń darí rẹ̀; ibi tó bá ní kí àwọn lọ ni àwọn ń lọ.

Àkókò tí gbogbo èyí máa ń hàn jù ni àjọ̀dún Dussehra, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá. Ní ibi púpọ̀ ní Íńdíà, ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ń kásẹ̀ àjọ̀dún náà nílẹ̀: wọn á dáná sun ère Ravana, ọba Lanka tí Rama ṣẹ́gun, ó parí. Ní Kullu, ọjọ́ tí àwọn yòókù ń parí ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọn kì í sun ère Ravana rárá. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ̀ka igi àti ẹ̀gún ni wọ́n ń kó jọ sétí odò Beas tí wọ́n ń tiná bọ̀, kó dúró fún ìlú Lanka.

Ìtàn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò dùn mọ́ni. Wọ́n ní Raja Jagat Singh, tó jọba ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, gbọ́ pé ọkùnrin Brahmin kan ní péálì iyebíye, ó sì ní kó kó o wá. Ọkùnrin náà kò ní péálì kankan. Nígbà tí ìdààmú pọ̀ jù fún un, ó tiná bọ ilé rẹ̀, òun àti ẹbí rẹ̀ sì kú sínú iná náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọba bá fẹ́ jẹ ìrẹsì, ìdin ló ń rí. Bó bá bu omi, ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Wọ́n wá sọ fún un pé àfi kí ó gbé ère Raghunath, ìyẹn Rama, wá láti Ayodhya, kí ó sì fi ìjọba lé òrìṣà náà lọ́wọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ère náà sórí ìtẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì di ẹmẹ̀wà rẹ̀. Títí di òní, ìdílé ọba yìí ló ṣì ń rìn níwájú Raghunath lọ́jọ́ Dussehra, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn á gbé Raghunath wá sí pápá Dhalpur, wọn á gbé e sínú ọkọ̀ onígi gàgàrà kan, wọn á so okùn tó nípọn mọ́ ọn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á sì dìde láti fà á. Òrìṣà tó ń wá láti abúlé káàkiri lè ju 200 lọ, ẹsẹ̀ sì ni àwọn kan nínú wọn fi ń rìn ín fún ọjọ́ mélòó kan. Olúkúlùkù ló ní ibi tí wọ́n ti ń pàgọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ipò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré: àríyànjiyàn láàárín Shringa Rishi àti Balu Nag, lórí ta ni yóò wà lápá ọ̀tún ọkọ̀ Raghunath, ti le débi pé ọlọ́pàá ti ní láti dá sí i. Òrìṣà kan sì wà tí kì í dé pápá rárá, Jamlu ti abúlé Malana. Ó ń wá, ṣùgbọ́n òdìkejì odò ló ń dúró sí.

Ẹni tí gbogbo wọn ń retí ni Hadimba. Bí kò bá tíì dé láti Manali, ọkọ̀ Raghunath kò ní kúrò lójú kan, nítorí pé ìyá ńlá ni ìdílé ọba ń pè é. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Behangamani Pal gbé arúgbó obìnrin kan pọ̀n lójú ọ̀nà, kò mọ̀ pé Hadimba lòun pọ̀n. Nígbà tí ìyá náà fi ara rẹ̀ hàn, ó fi í jọba lórí àfonífojì náà. Nínú ìtàn Mahabharata, òun ni ìyàwó Bhima, òun ló sì bí akọni tí wọ́n ń pè ní Ghatotkacha. Kò sì wá láti ìdílé àwọn òrìṣà. Inú ìran àwọn ẹ̀mí ajẹnìyàn ni wọ́n ti bí i. Àwọn ará Manali kò fi èyí pamọ́, kò sì dín ọlá rẹ̀ kù lójú wọn.

Ilé rẹ̀ wà nínú igbó Dhungri, níbi tí igi kédárì tí wọ́n ń pè ní deodar ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán ń dà bí ìrọ̀lẹ́. Raja Bahadur Singh ló kọ́ ọ ní ọdún 1553. Ó ga tó mítà 24, òrùlé mẹ́rin ló gorí ara wọn, igi ni mẹ́ta ìsàlẹ̀, idẹ ni tòkè. Kí àlejò má ṣe kánjú wọlé. Kó kọ́kọ́ dúró níwájú ilẹ̀kùn, kó wo iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére: òrìṣà, ẹranko, ewé àti òdòdó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àyè tó ṣófo lára igi náà. Nínú ilé, àpáta ńlá ló gba ibẹ̀ kan, ohun tí wọ́n sì ń bọ níbẹ̀ ni ipa ẹsẹ̀ ìyá náà lára òkúta. Ẹni tó ń retí ère gìrìwò kò ní rí i.

Láti Manali, ọ̀nà kan wà létí odò lápá òsì tó gba àárín oko ápù lọ sí Naggar. Ápù wọ̀nyí kì í ṣe èso ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Òyìnbó ológun kan, Captain R. C. Lee, ló gbin ọgbà kan sí Bundrole ní ọdún 1870, lónìí ápù ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kullu.

Naggar ni ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti pẹ́ jù. Ibẹ̀ ni olú-ìlú Kullu wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Jagat Singh tó gbé e kúrò. Ààfin tí Raja Sidh Singh kọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1460 ṣì dúró, ilé ìtura ìjọba ìpínlẹ̀ ló ti dà báyìí, ẹni tí kò bá sì sùn níbẹ̀ lè san owó díẹ̀ láti wọlé wò ó. Ìtàn àdúgbò ní ọba kan tà á fún òyìnbó kan tó ń jẹ́ Major Hay, ìbọn kan ṣoṣo ló sì gbà lórí rẹ̀.

Ògiri ààfin yìí ni kí àlejò fojú sí. Kath-kuni ni wọ́n ń pe irú ilé kíkọ́ yìí, kò sì gba sìmẹ́ńtì tàbí amọ̀. Wọn á tẹ́ ìtì deodar gígùn méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú, wọn á fi òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín wọn. Lórí rẹ̀, wọn á to òkúta pẹlẹbẹ láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ìtì igi mìíràn. Lẹ́yìn igi, òkúta. Ní igun ilé, ìtì tọ̀tún á gun orí ìtì tòsì, tòsì tó kàn á gun tọ̀tún, bí ẹni hun agbọ̀n. Òkúta ń fi ìwúwo rẹ̀ tẹ igi mọ́lẹ̀, igi sì ń gbá òkúta mú kó má bàa tú. Bí ilẹ̀ bá mì, òkúta á sún díẹ̀, igi á tẹ̀ díẹ̀, ògiri á padà jókòó. Òróró tó wà nínú deodar kì í jẹ́ kí kòkòrò ba igi náà jẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1905, ilẹ̀ mì ní Kangra, ẹkùn tó wà nítòsí, nǹkan bí 20,000 ènìyàn sì kú. Ààfin Naggar kò wó. Ó ń bani nínú jẹ́ láti rí bí ilé sìmẹ́ńtì alájà mẹ́rin, alájà márùn-ún, ṣe ń rọ́pò irú ilé yìí létí odò, láàárín àwọn ènìyàn tí bàbá wọn ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Nínú ọgbà ààfin náà ni òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan wà nínú ilé kékeré. Jagatipatt ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn òrìṣà ló di oyin, tí wọ́n gé òkúta náà lára òkè, tí wọ́n sì gbé e fò wá sí Naggar, kí ó lè jẹ́ ibi ìjókòó wọn nígbà tí ọ̀ràn ńlá bá ṣẹlẹ̀. Ìjókòó yẹn kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan, tí Alfred Ford, ọmọ ìran Henry Ford, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fẹ́ kọ́ abúlé ńlá fún eré orí yìnyín sókè Manali, ẹlẹ́gùn òrìṣà láti oríṣiríṣi abúlé péjọ sí Naggar. Wọ́n bi àwọn òrìṣà léèrè. Àwọn òrìṣà ní àwọn kò fẹ́. Wọn kò kọ́ abúlé eré yìnyín náà.

Lókè díẹ̀ sí ààfin ni ilé Nicholas Roerich, ayàwòrán ará Rọ́ṣíà tó fi Naggar ṣe ilé láti ọdún 1928 títí tó fi kú síbẹ̀ ní ọdún 1947. Òun ni ẹni tí àdéhùn láti dáàbò bo iṣẹ́ ọnà àti ilé ìmọ̀ lákòókò ogun ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1935. Àwòrán òkè ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán náà tán, tó yọjú síta, á rí àwọn òkè ọ̀hún gan-an.

Ọ̀nà Manikaran yà láti Bhuntar, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà, tí odò Parvati sì ti ń dà sínú Beas. Nǹkan bí 35 kìlómítà ni, ọ̀nà náà há, ọkọ̀ a sì máa dúró de ara wọn ní kọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá dé, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí: omi ń hó láti inú ilẹ̀ wá, létí odò tó tutù bí yìnyín. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ohun ọ̀ṣọ́ etí Parvati, ìyàwó Shiva, ló jábọ́ sínú omi, tí ejò ńlá abẹ́ ilẹ̀ sì gbé e mì. Nígbà tí inú bí Shiva, ejò náà hu èéfín, omi gbígbóná sì tú òkúta iyebíye sókè. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní Guru Nanak dé ibẹ̀ pẹ̀lú Mardana, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, kò sí iná tí wọ́n á fi dáná, omi yìí ló sì bá wọn se oúnjẹ.

Ó ṣì ń se é. Ènìyàn á ra ìrẹsì tútù lẹ́nu ọ̀nà, nínú àpò aṣọ kékeré tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́nu. Á lọ síbi ìsun tí wọ́n fi irin yí ká, á ju àpò náà sínú omi, á so okùn rẹ̀ mọ́ irin, á sì dúró. Kò ní pẹ́ tí ìrẹsì á fi jinná. Àwọn kan a gbé e lọ sílé fún ẹbí gẹ́gẹ́ bí ohun ìbùkún. Nínú ilé ìjọsìn Sikh, ìkòkò gìrìwò ni wọ́n ń gbé jókòó sínú omi náà, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dé, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, láìgba kọ́bọ̀. Kí àlejò bọ́ bàtà, kó fi aṣọ bo orí, kó jókòó sílẹ̀ bí àwọn yòókù. Ìkìlọ̀ kan ló wà: kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ ẹsẹ̀ bọ ìsun tí wọ́n fi irin yí ká, kó má sì rò pé òun lè lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Parvati, nítorí ó ti gbé ọ̀pọ̀ lọ.

Lókè ibi tí odò Beas àti Parvati ti pàdé ni ilé òrìṣà Bijli Mahadev, ní nǹkan bí mítà 2,460. Ọ̀pá gígùn kan dúró gangan níwájú ilé òrìṣà náà, ó ń pe mànàmáná. Wọ́n gbà níbẹ̀ pé Shiva ló gba àrá sára kó má bàa pa àwọn ènìyàn àfonífojì. Bí àrá bá sán lu òkúta òrìṣà tó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwòrò á kó àfọ́kù jọ, á fi bọ́tà lẹ̀ ẹ́ pọ̀, títí tí òkúta á tún fi di odidi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ibẹ̀, ó sì ń gba wákàtí mélòó kan. Ìjọba ń gbèrò láti ta wáyà tí yóò máa fi àpótí gbé ènìyàn gòkè. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ti jáde láti tako ó, wọ́n ní òrìṣà kò fọwọ́ sí i.

Ní Malana, abúlé Jamlu, òfin òrìṣà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò lè gba ojú ọ̀nà abúlé náà kọjá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé òrìṣà. Bó bá ra nǹkan, ilẹ̀ ni yóò gbé owó lé, ilẹ̀ ni wọ́n á sì gbé ọjà lé fún un. Wọ́n ní èdè tiwọn, Kanashi, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń dájọ́ lórúkọ Jamlu. Iná jó ọ̀pọ̀ ilé onígi wọn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008. Ẹni tí òfin wọn bá ni lára, kó kúkú má lọ.

Ní ti yìnyín, kò sí ẹni tó ní kí ènìyàn má wò ó. Rohtang ga tó mítà 3,978, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti Kullu bọ́ sí Lahaul, yìnyín sì máa ń dí i pa láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù karùn-ún. Nígbà tí èéfín ọkọ̀ fẹ́ ba ibẹ̀ jẹ́, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká pàṣẹ pé ọkọ̀ 1,200 péré ni kó máa gòkè lójúmọ́, 800 tó ń lo epo bẹntiróò àti 400 tó ń lo dísù, ìwé àṣẹ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ òkè Atal, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 9.02. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, nítorí wọ́n gbẹ́ ẹ kan ibi tí òkúta ti fọ́ lábẹ́ ilẹ̀, omi odò Seri sì ń ya lù wọ́n. Ó dín kìlómítà 46 kù lójú ọ̀nà Manali sí Leh. Pàtàkì jùlọ, aláìsàn tó wà ní Lahaul nígbà òtútù kò ní láti dúró de hẹlikópítà mọ́ kó tó rí ilé ìwòsàn lọ.

Ìgbà tí ènìyàn lọ ṣe pàtàkì. Oṣù kẹta sí oṣù kẹfà dára, oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá sì dára jù, nítorí ojú ọ̀run mọ́, ápù ti pọ́n, Dussehra sì ń bọ̀. Kí ó yẹra fún oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ní oṣù keje ọdún 2023, Beas kún, ó gbé títì, afárá àti ilé lọ láti Manali títí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò há sáàárín òkè fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ló kọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tí yóò gbé lọ sílé, kó wá ìborùn Kullu, tí wọ́n ń fi irun àgùntàn hun, tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ títàn onígun-ún-gun. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ahunṣọ ti Bhutti, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1944, ṣì ń tà á, ènìyàn sì lè wo òfì níbẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọjà Manali kún fún ayédèrú tí ẹ̀rọ hun.

Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e, igbó ọba Great Himalayan wà ní apá gúúsù ẹkùn náà, lókè odò Tirthan àti Sainj. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2014. Àmọ̀tẹ́kùn orí yìnyín wà níbẹ̀, béárì aláwọ̀ pupa rúsúrúsú wà níbẹ̀, ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní jujurana sì wà níbẹ̀, ẹyẹ pupa àti dúdú tó ní tótòtó funfun lára, tí àwọn àgbà ní gbogbo ẹyẹ ayé ló fún un ní ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni akọ rẹ̀ máa ń ké. Títì mọ́tò kò wọ inú igbó náà. Ènìyàn á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó, á mú amọ̀nà láti àwọn abúlé ẹnu igbó bíi Gushaini, àwọn tí wọn kò lè da ẹran tàbí já ewé níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ó ti di igbó ọba. Owó tí àlejò bá san fún wọn wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ dípò oko àti ẹran tí wọ́n pàdánù, nítorí náà kí ó má ṣe ná an ní ànájù.